Ọ̀rọ̀ Kan fún Ẹni Tó Fẹ́ Gun Kírénì

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni bàbá yìí fi ṣe olùtọ́jú ọjà nínú ilé ìkẹ́rùsí kan kó tó fẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́ tó ń lọ, wọ́n fún un ní aago ògiri kan, wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò. Oṣù kẹrin ni aago náà kú. Kò bínú. Ó gbé e sọ̀ kalẹ̀, ó fi ìṣó tí wọ́n fi kọ́ ọ kọ́ fìlà rẹ̀, ó sì wá nǹkan mìíràn ṣe.

Ìwé ọ̀rọ̀ ni nǹkan mìíràn tó rí ṣe. Lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta táyà, lójú títì tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà, yàrá méjì wà tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ará Ṣáínà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Obìnrin tó dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ti bá bàbá yìí ṣiṣẹ́ rí. Òun ló ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì nígbà náà. Ní báyìí, òun ni ọ̀gá. Bàbá ń pè é ní Olùdarí, òun náà ń pè é ní Bàbá, "ẹ" sì ni àwọn méjèèjì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, nítorí ọ̀kan jẹ́ àgbà, èkejì sì jẹ́ ọ̀gá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní tiwọn ń pe bàbá ní Tíṣà.

Ìwé tí Olùdarí fẹ́ tẹ̀ jáde kò le lójú. Ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n máa ń fi ṣàpèjúwe nǹkan, ọ̀rọ̀ kan, ojú ewé kan. Ohun tó túmọ̀ sí, ibi tí wọ́n ti ń lò ó, ibi tí wọn kì í ti lò ó, àpẹẹrẹ mélòó kan, kí wọ́n wá fi èdè Ṣáínà ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ nísàlẹ̀. Ọjọ́ méjì ni Olùdarí ní kí Tíṣà máa lò lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n Tíṣà ní ọ̀nà tirẹ̀. Bó ṣe jẹ́ pé kò kọ orúkọ ọjà kankan sínú ìwé rí láìjẹ́ pé ó fi ojú ara rẹ̀ rí i nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ní fi àpẹẹrẹ kankan sínú ìwé ọ̀rọ̀ àfi èyí tó fi etí ara rẹ̀ gbọ́. Ó gé àwọn fọ́ọ̀mù àtijọ́ sí mẹ́rin mẹ́rin, ó kó wọn sápò, ibi tó bá sì ti gbọ́ gbólóhùn kan tó wúlò, á kọ ọ́ sẹ́yìn wọn: ohun tí wọ́n sọ, irú ẹni tó sọ ọ́, ibi tó ti sọ ọ́. Ó ń ṣe é ní ibùdókọ̀, ó ń ṣe é níbi tí àwọn èèyàn ti ń tò fún ìwòsàn, ó ti ṣe é lẹ́yìn ọkùnrin méjì tó ń bá ara wọn jà nítorí ibi ìgbọ́kọ̀sí.

"Bàbá ilé," ni ìyàwó rẹ̀ wí lọ́jọ́ náà, "wọ́n á lù yín lọ́jọ́ kan. Ṣé bí èèyàn ṣe ń làjà nìyẹn, kí ẹ dúró kí ẹ máa kọ ọ́?"

"Ta ló ní mò ń làjà? Èyí tó ga nínú wọn sọ gbólóhùn kan tó dáa gan-an. Kò tíì parí ẹ̀ tí èkejì fi gbá a lẹ́nu."

"Ẹ tiẹ̀ ṣàánú ẹnu náà!"

"Gbólóhùn ni mò ń ṣàánú."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a bọ̀, tí Tíṣà fi dé orí hẹ́fì, ọ̀rọ̀ táwọn òyìnbó fi ń sọ pé nǹkan wúwo. Dípò ọjọ́ méjì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló lò lórí rẹ̀. Ẹni tó sì fa á kì í ṣe ọ̀rọ̀ náà nìkan, akẹ́kọ̀ọ́ kan ni.

Ọ̀gá Ṣéènì ni wọ́n ń pe akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀hún níbi iṣẹ́. Ọmọ ogójì ọdún ó lé díẹ̀ ni, èjìká rẹ̀ gbòòrò, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi wa kírénì nílùú rẹ̀, kírénì gogoro tó ń gbé ẹrù sókè bí ẹni gbé ife. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti dé ibí, iṣẹ́ tí wọ́n fún un ní ọgbà ẹrù kò kọjá kó máa fi ṣéènì so ẹrù mọ́ ìwọ̀, kí ẹlòmíràn máa gbé e. Ọdún méjì ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti gbọ́ Yorùbá lẹ́nu àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ó ń sọ ọ́ bó ṣe wù ú, ó tilẹ̀ mọ èébú inú rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Gẹ̀ẹ́sì ni kò gbọ́. Bẹ́ẹ̀, òfin ọgbà ni pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni awakírénì gbọ́dọ̀ fi sọ̀rọ̀ lórí rédíò, Gẹ̀ẹ́sì náà ni wọ́n sì fi ń ṣe ìdánwò láísẹ́ǹsì.

Ó ti ṣe ìdánwò náà lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà àkọ́kọ́, ó dákẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà kejì, ó fi ọwọ́ ṣàpèjúwe gbogbo ìdáhùn rẹ̀, ó sì ṣe é dáadáa, ṣùgbọ́n ohun tí olùdánniwò kọ sílẹ̀ ni pé ọkùnrin yìí kò lè sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló kù. Ẹni tó bá kùnà lẹ́ẹ̀mẹta, wọn kò ní jẹ́ kó jókòó fún un mọ́ láéláé. Ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún méje, ń dúró nílé pé kó ránṣẹ́ pè wọ́n. Ìwé tí wọ́n máa fi wọ̀lú kò sì ṣeé gbà fún ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà lára àwọn asoṣéènì. Àfi kó wà lára àwọn awakọ̀ ẹ̀rọ. Òpin oṣù ni wọ́n máa ti gbígba ìwé náà. Ọjọ́bọ̀ kan ṣoṣo ló kù tí ìdánwò máa wáyé kí oṣù tó parí.

Ìdí rèé tí wọ́n fi jókòó ti hẹ́fì. Ọ̀gá Ṣéènì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu olùdánniwò lẹ́ẹ̀mejèèjì, ó sì dá a lójú pé ibẹ̀ ni òun ti ń ṣubú.

"Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí òjò," ni Tíṣà wí, ó to àwọn bébà kéékèèké rẹ̀ sórí tábìlì. "Òjò tó rọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, tó wọlé bá àwọn onítáyà. Òyìnbó á ní òjò yẹn hẹ́fì. Kí lẹ máa ń sọ ní tiyín?"

"Àwa? Òjò ńlá."

"Àwa náà, òjò ńlá!"

Àwọn méjèèjì wo ara wọn bí ẹni méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ọ̀dọ̀ oníbàtà kan náà ni wọ́n ti ra bàtà.

"Tí ojú títì bá wá dí ńkọ́, tí ọkọ̀ ò rìn?"

"A máa ní ọkọ̀ pọ̀."

"Ọkọ̀ pọ̀ náà ni. Òyìnbó á ní hẹ́fì ni. Ẹni tó ń mu sìgá látàárọ̀ ṣúlẹ̀?"

Ọ̀gá Ṣéènì ronú. "A máa ní ó ń mu ún kíkankíkan. Bí ẹni pé sìgá ṣẹ̀ ẹ́."

"Hẹ́fì. Kóòtù tó nípọn?"

"Ó nípọn."

"Hẹ́fì náà ni. Ẹni tó sùn, tí ilé jó, tí kò mọ̀?"

"Oorun ẹ̀ rì mọ́lẹ̀. Tíṣà, kí ló dé tí wọ́n fi di gbogbo ẹ̀ lé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lórí?"

"Wọ́n ń ṣún un lò ni. Òṣìṣẹ́ kan, ipò márùn-ún. Ilé iṣẹ́ tí mo ti ṣiṣẹ́ náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ó máa kú."

"Kò tíì kú. Kọ ọ́ sílẹ̀."

Oríṣi ìlò mọ́kànlá ni Tíṣà rí, ó sì fi etí gbọ́ gbogbo wọn. Ó to wọn sójú ewé kan, Ọ̀gá Ṣéènì kọ tèdè Ṣáínà sábẹ́ wọn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìdálẹ́kọ̀ọ́ wá bẹ̀rẹ̀. Tíṣà á gbé àpò ìwé lé tábìlì, á bèèrè ní Gẹ̀ẹ́sì bóyá ẹrù náà hẹ́fì. Ọ̀gá Ṣéènì á dìde dúró, á dáhùn láìgé e kù: bẹ́ẹ̀ ni, ẹrù yìí hẹ́fì. Ṣé ó hẹ́fì jù? Rárá, kò hẹ́fì jù. Èwo ló hẹ́fì jù nínú méjèèjì? Wọ́n ṣe é títí tí ìdáhùn fi ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni ń pe orúkọ ara rẹ̀. Olùdarí yọjú lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ kan, ó gbọ́ ọ, ó pàtẹ́wọ́.

"Bàbá, ẹ ti pẹ́ o, àmọ́ ẹ ṣe é dáadáa."

Inú Tíṣà dùn. Ó ní òun kàn máa wá àpẹẹrẹ kejìlá ni, láti inú ọgbà ẹrù gan-an, kí ojú ewé náà lè pé pérépéré.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó lọ síbẹ̀. Aṣọ́nà mọ̀ ọ́n láti ayé ilé ìkẹ́rùsí, ó fún un ní àpótí onígi kan pé kó jókòó, ó sì kìlọ̀ fún un pé kó má sọdá ìlà àwọ̀ ìyeyè tó wà nílẹ̀. Tíṣà gbé fúláàsì tíì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó mú bíró àti bébà, ó ṣí etí sílẹ̀.

Kírénì mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́. Àárín wọn ni obìnrin fọ́máànù kan dúró sí, rédíò lọ́rùn, akoto lórí, ohùn rẹ̀ ń dún jáde nínú gbogbo rédíò ọgbà. Nọ́ńbà ló ń pè. Mẹ́ta ààbọ̀. Méjì. Mẹ́rin dín díẹ̀. Awakírénì á tún nọ́ńbà náà pè fún un, ìwọ̀ á lọ sókè. Láti aago méje dé aago mọ́kànlá, ẹrù méjìdínlógójì ló gbéra nílẹ̀ lójú Tíṣà. Nínú gbogbo rẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ pé ọ̀kankan hẹ́fì. Bébà ọwọ́ rẹ̀ funfun báláú.

Ìgbà tó ń dé fúláàsì rẹ̀ pé kóun máa lọ ni fọ́máànù bá awakírénì kan sọ̀rọ̀, ọkùnrin oníkùn kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́.

"Ṣé ẹrù yẹn hẹ́fì?" ló bi í lórí rédíò.

"Ó hẹ́fì dáadáa, mà," ni ohùn kan dáhùn láti òkè.

Ọkàn Tíṣà fò fún ayọ̀. Ó kọ ọ́ kíá. Ibi tó ti ń kọ irú ẹni tó sọ ọ́ ló wà nígbà tó ṣàkíyèsí pé gbogbo ọgbà ti dákẹ́.

"Sọ̀ kalẹ̀," ni fọ́máànù wí.

Ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu ṣòkòtò.

"Mo bi ọ́ léèrè ẹrù, o ń sọ bó ṣe ń ṣe ọ́ fún mi. Ta ló hẹ́fì fún? Ṣé ọwọ́ ẹ lo fẹ́ fi gbé e ni? Tọ́ọ̀nù mélòó ni?"

"N ò tíì wò ó, mà."

"Ojú ẹ ò tíì débẹ̀, ẹnu ẹ ti ń bọ̀ níbẹ̀. Lọ jókòó."

Àwọn asoṣéènì rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní kí wọ́n gbé ìwọ̀n wá kí wọ́n fi wọn ikùn rẹ̀. Ẹ̀rín ò pa Tíṣà. Ó ń wo ohun tó kọ sílẹ̀. Ó dúró títí tí fọ́máànù fi wá mumi, ló bá sún mọ́ ọn.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, àwọn tó ń bọ̀ wá dáni wò lọ́jọ́bọ̀, ṣé wọ́n máa ń bèèrè ìbéèrè tí ẹ bi bọ̀dá yẹn?"

"Òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bèèrè, Bàbá. Ẹni tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ilé ló ń lọ. Ẹni tó bá ní rárá, wọ́n á jọ wọ ọkọ̀ kan náà ni."

"Kí ni wọ́n ń fẹ́ kó ṣe?"

"Kó lọ wo àwo ara ẹrù. Kó ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Kó wo bí apá ẹ̀rọ ṣe gùn tó, kó wá sọ fún mi bóyá ẹ̀rọ lè gbé e níbi tó nà án dé. Ẹrù tí apá kúkurú gbé, apá gígùn lè wó lé èèyàn lórí pẹ̀lú ẹ̀."

Tíṣà dúpẹ́, ó sì rìn jáde. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi kọ ìwọ̀n ẹrù sínú ìwé, ìwé tó kún kọ́bọ́ọ̀dù mẹ́rin. Kò kọ ọ́ sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí pé nǹkan kan wúwo. Òun fúnra rẹ̀ ni ì bá lé akọ̀wé tó bá dán an wò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló wá fi kọ́ ẹni ẹlẹ́ni láti dìde dúró, kó sì sọ ọ́ ketekete.

Ó gba ilé ẹ̀kọ́ kọjá lọ bá Olùdarí pé kó yọ ojú ewé náà kúrò.

"Bàbá, ẹ̀rọ ti ń tẹ̀ ẹ́. Kí ló burú níbẹ̀? Irọ́ ni ẹ kọ ni?"

"Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀."

"Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ fetí ara yín gbọ́ ọ ni?"

"Èmi ni. Ibi tí wọn kì í ti í lò ó ni n kò gbọ́."

Olùdarí mí kanlẹ̀, ó ní òun lè fún un ní ìlà méjì nísàlẹ̀, kò ju ìyẹn lọ. Tíṣà kọ ìlà méjì náà níbi tó dúró sí. Ìwé rọrùn láti tún ṣe. Èèyàn ló kù.

Lọ́sàn-án Ọjọ́rú, ó lọ bá Ọ̀gá Ṣéènì nílé. Yàrá kan ni, ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mọ́kànlá, ó fẹ̀ ní mẹ́sàn-án: bẹ́ẹ̀dì onírin kan, sítóòfù kan lórí àga, okùn tí aṣọ iṣẹ́ wà lórí rẹ̀. Ojú ewé hẹ́fì wà lára ògiri lẹ́bàá ìrọ̀rí. Bí Tíṣà ti ṣílẹ̀kùn báyìí, Ọ̀gá Ṣéènì dìde nàró.

"Tíṣà, ẹ bi mí. Ẹ bi mí nísinsìnyí."

"Jókòó. Mo ti kọ́ ọ ní nǹkan tí kò yẹ kí n kọ́ ọ." Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi ti ọkùnrin oníkùn pa mọ́.

Ọ̀gá Ṣéènì tẹ́tí sí i tán, ojú rẹ̀ pọ́n. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Mo fi jẹun, mo fi sùn. Gbogbo mọ́kọ̀ọ̀kànlá wà lórí mi. Ọ̀la ni ìdánwò, ẹ wá ní kí n gbàgbé ẹ̀?"

"Má gbàgbé ẹ̀. Òjò ṣì ń rọ̀. Ìdáhùn yẹn nìkan ni kí o má dá wọn."

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n máa dáhùn láìgé e kù!"

"Èmi náà ni. Nílùú yín, tí fọ́máànù bá bi ọ́ bóyá ẹrù wúwo, kí lo máa ń wí?"

"N kì í wí nǹkan kan. Mo máa lọ wo àwo ara ẹ̀." Ó yíjú sí ojú ewé tó wà lára ògiri. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Tíṣà, tí wọ́n bá ti fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí, mo máa ń di ọmọ iléèwé ni. N kì í rántí pé awakírénì ni mí."

"Èmi ni mo tún fi kún un. Nọ́ńbà ńkọ́, ṣé o mọ̀ ọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì?"

"Nọ́ńbà? Dé ẹgbẹ̀rún."

"Ó pọ̀ tó. Kò sẹ́rù tọ́ọ̀nù ẹgbẹ̀rún nínú ọgbà yẹn."

Wọ́n fi wákàtí méjì ka nọ́ńbà. Ara agolo ni wọ́n ti kà á, ara sítóòfù, ara àpò sìmẹ́ńtì tó wà níta. Tíṣà kò bi í lẹ́ẹ̀kan pé èyíkéyìí hẹ́fì. Bí ó ti ń lọ, Ọ̀gá Ṣéènì kò sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Lọ́jọ́bọ̀, aago mẹ́wàá, Tíṣà dúró lẹ́yìn wáyà ọgbà pẹ̀lú àwọn tí kò níṣẹ́ níbẹ̀. Ó ń rí wọn, kò gbọ́ wọn. Ẹrù ìdánwò jẹ́ ẹ̀rọ amúnáwá ńlá kan tí wọ́n fi pákó dè. Olùdánniwò, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó mú páálí ìkọ̀wé dání, nawọ́ sí i, ó bèèrè nǹkan kan. Ọ̀gá Ṣéènì nàró bí ọmọ ológun. Ẹnu rẹ̀ là. Tíṣà di wáyà mú.

Ẹnu náà tún pa dé. Ọ̀gá Ṣéènì wo bàtà ara rẹ̀, ó wo ẹrù, ó sì yí ẹ̀yìn sí olùdánniwò láìtọrọ ààyè. Ó lọ yí ẹrù náà ká. Ní ẹ̀gbẹ́ kẹta, ó lóṣòó, ó fi apá ẹ̀wù nu nǹkan kan láàárín pákó méjì, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀yìn náà ló wá dìde, tó gbójú sókè wo apá kírénì láti ìdí dé ṣóńṣó. Ó padà wá, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Olùdánniwò kọ̀wé, ó tún bi í ní ìbéèrè mẹ́rin márùn-ún, ó kọ̀wé sí i. Lẹ́yìn náà ló wá fi bíró júwe àkàsọ̀.

Bí ó ṣe gun òkè, ọwọ́ rẹ̀ kò tọ́ àkàsọ̀ náà wò bí àlejò. Ẹ̀rọ amúnáwá gbéra, kò mì, ó fò kọjá àmì funfun, ó sì balẹ̀ sínú àmì kejì. Ẹni tó dúró ti Tíṣà ní ó dájú pé ọkùnrin yìí ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí. Tíṣà jọ̀wọ́ wáyà náà.

Aago méjìlá kọjá díẹ̀ kó tó jáde, ìwé lọ́wọ́. Wọ́n fún un ní láísẹ́ǹsì ẹrù tí kò ju tọ́ọ̀nù mẹ́wàá lọ. Èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ kò tọ́ sí i ní báyìí, nítorí kò mọ ohun tí yóò dáhùn nígbà tí wọ́n bèèrè nípa atẹ́gùn. Tíṣà ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì láti wá ibi tí wọ́n kọ irú iṣẹ́ rẹ̀ sí. Ó rí i: awakọ̀ ẹ̀rọ.

"Ó tó," ló wí. "Ìwé ìwọ̀lú ò bèèrè tọ́ọ̀nù."

Ọ̀gá Ṣéènì ti ń tẹ fóònù. Ó lọ dúró sábẹ́ òjìji ògiri, ó ń fi èdè Ṣáínà sọ̀rọ̀ kíákíá, ó ń pariwo ju bó ṣe máa ń ṣe lọ. Tíṣà kò gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀. Nígbà tó yá, ó bo ẹnu fóònù, ó yíjú sí i.

"Ọmọ mi ń bèèrè bóyá bẹ́ẹ̀dì tiẹ̀ máa wà."

Tíṣà ro ti yàrá náà, mọ́kànlá sí mẹ́sàn-án. Tí wọ́n bá sún bẹ́ẹ̀dì onírin mọ́ ògiri, tí wọ́n gbé sítóòfù jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta á ṣẹ́ kù lábẹ́ fèrèsé.

"Sọ fún un pó máa wà," ló wí. "Àmọ́ kí òun fúnra ẹ̀ má tíì ga jù."